Ewé Ló Jẹrà, Ìdí Rẹ̀ Ò Tíì Kú

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn tó ń sin ẹja nínú ilé sọ ní Ìbàdàn

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo rí i pé ẹlòmíràn gbé ewé wá nínú ọ̀rá, ẹlòmíràn gbé tirẹ̀ wá nínú ike bọ́tà. Àfi bí ilé ìwòsàn! Ẹ gbé wọn sílẹ̀ síbẹ̀ náà, a óò yẹ̀ wọ́n wò kí á tó túká. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì da ìkankan nù.

Ohun tó mú mi sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ra ewéko fún àpótí ẹja mi, Cryptocoryne ni mo rà, ìdí mẹ́rin, owó rẹ̀ sì ju owó ẹja tí mo rà á fún lọ. Alẹ́ Sátidé ni mo gbìn wọ́n. Kó tó di Ọjọ́rú, ewé wọn ti ń yọ́ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Mo tọ ẹni tó tà á fún mi lọ, ó ní omi mi ni kò dára. Mo pààrọ̀ omi. Mo ra oògùn. Mo gbé iná kún iná. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì parí, mo hú gbogbo rẹ̀, mo dà á sẹ́yìnkùlé, níbi tí ẹ̀rọ omi kan ti ń jò. Oṣù kan kọjá. Lọ́jọ́ kan ìyàwó mi pè mí pé kí n wá wo nǹkan: méjì nínú mẹ́rin ti yọ ewé tuntun nínú ẹrẹ̀, wọ́n ń tàn yòò.

Ojú tì mí lọ́jọ́ náà. Ó sì yé mi pé èyí tó pọ̀ jù nínú ewéko tí à ń sọ pé ó kú mọ́ wa lọ́wọ́, àwa la pa á nígbà tó ń múra àtiyè. Ohun tí mo bá yín wí lónìí nìyẹn. Ìyókù àlàyé ni.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀yin nìkan ni ó ń ṣe. Ìṣòro yìí dàgbà tó iṣẹ́ fífi ẹja sínú gíláàsì fúnra rẹ̀. Ọkùnrin onímọ̀ kẹ́mísírì kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ Robert Warington. Ní 1849 ó kó góòlùfíṣì kéékèèké méjì àti ewéko Vallisneria sínú omi kan náà nínú gíláàsì. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ewé yóò máa pèsè ọ́síjìn fún ẹja, tí ìdọ̀tí ẹja yóò sì máa bọ́ ewé, tí ẹnikẹ́ni ò fi ní máa pààrọ̀ omi lójoojúmọ́. Ó kọ́kọ́ ṣe dáadáa. Nígbà tó yá, àwọn ewé Vallisneria tó ti gbó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, omi dàrú, gbogbo ara gíláàsì ń yọ̀. Ẹ wo ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Kò hú ewéko náà. Ó lọ kó ìgbín omi wá, ẹbí ìṣáwùrú tiwa, ó dà wọ́n sí i. Ìgbín jẹ èyí tó ti kú, wọ́n fi èyí tó yè sílẹ̀, omi sì là padà. Ó tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1850, ó sì wà lára ohun tó kó àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì sínú àìsàn àpótí ẹja tí àwa náà ń ṣe níbí yìí.

Torí náà, bí ẹ bá rí ìgbín kéékèèké lórí ewé tó ń jẹrà, ẹ má fẹ̀sùn kàn án. Ẹni tó bá igún lórí òkú màlúù, ṣé yóò ní igún ló pa màlúù ni?

Kí ló dé tí ewéko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fi ń yọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í ṣe abẹ́ omi ni wọ́n ti tọ́ wọn. Àwọn tó ń gbìn wọ́n fún títà máa ń jẹ́ kí gbòǹgbò wà nínú omi, kí ewé wà níta, torí pé ó ń yára dàgbà bẹ́ẹ̀, ìdọ̀tí kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn. Ewé tó hù níta nípọn, ara rẹ̀ dán bíi pé wọ́n fi ìda pa á, kí omi má baà gbẹ lára rẹ̀. Ewé abẹ́ omi fẹ́lẹ́, kí oúnjẹ inú omi lè rí ọ̀nà wọlé. Bí a bá wá ri ewéko yìí sínú omi pátápátá, aṣọ tó wọ̀ wá kò wúlò fún un mọ́. Yóò fa ohun tó bá ṣeé fà nínú ewé àtijọ́ padà sí ìdí, yóò jọ̀wọ́ ìyókù, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ mìíràn. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni kí ẹ fi sọ́kàn. Cryptocoryne tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí ẹ bá kàn gbé e láti igun kan sí igun kejì nínú àpótí kan náà, ó lè yọ́.

Ẹ óò bi mí pé báwo la ṣe ń mọ èyí tó ń pààrọ̀ aṣọ yàtọ̀ sí èyí tó kú lóòótọ́. Ẹ tẹ ìdí rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà tí ẹ ń yan iṣu lọ́jà Bódìjà. Bó bá le, tí gbòǹgbò funfun tàbí tó pọ́n díẹ̀, ó yè. Bó bá rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, tó dúdú, tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ẹ kí i pé ó dàárọ̀. Èyí tó bá yè, ẹ fi àlùmọ́gàjí gé ewé rẹ̀ tó jẹrà láti ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ síbi tó wà. Ẹ má hú u wò lójoojúmọ́! Mo mọ̀ yín. Ọmọdé tó gbin àgbàdo ní àárọ̀ tó wú u wò ní ọ̀sán ni gbogbo wa.

Àwọn kan wà ṣá o tí sùúrù kò lè ràn lọ́wọ́, torí wọn kì í ṣe ewéko omi rárá. Ọ̀kan lára wọn ni igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tà pẹ̀lú orúkọ lucky bamboo. Kì í ṣe ọparun. Dracaena ni, ọmọ ìyá pèrègún. Ta ló ti rí pèrègún tó ń gbé lábẹ́ odò rí? Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá wà nínú omi tí ewé rẹ̀ yọ síta, kò sí wàhálà. Bí ẹ bá rì í tán pátá, yóò dúró fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ óò máa rò pé ó ń gbádùn, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti ìsàlẹ̀. Ìbéèrè tí ẹ óò máa bi ẹni tó ń tà á nìyí: ṣé odindi rẹ̀ lè gbé abẹ́ omi? Bó bá ń wo òkè, ẹ máa lọ.

Ó kan èyí tí mo fẹ́ràn jù, Anubias. Ewé rẹ̀ le bí awọ, ẹja kì í sábà lè jẹ ẹ́, kò fẹ́ iná púpọ̀, kò sì yára dàgbà. Síbẹ̀ òun ni mo máa ń bá tó ti kú jù nínú ilé àwọn èèyàn, ìdí kan ṣoṣo ló sì fà á: wọ́n rì í mọ́ yanrìn. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ óò rí igi kan tó dùbúlẹ̀ bí ata ilẹ̀, tí ewé ń yọ lórí rẹ̀, tí gbòǹgbò ń yọ lábẹ́. Ata ilẹ̀ yẹn kò gbọdọ̀ wọ inú yanrìn. Bí ẹ bá bò ó, ó jẹrà, ewé á sì máa já lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Òwú dúdú ni kí ẹ fi so ó mọ́ òkúta tàbí igi. Gbòǹgbò á fúnra rẹ̀ dì í mú.

Ẹni tó bá mọ ilé ewé yìí kò ní ṣe àṣìṣe yẹn. Ilé rẹ̀ kò sì jìnnà. Etí odò inú igbó ló ti ń hù, ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà lọ sí Kamẹrúùnù, lórí àpáta àti lórí ìtì igi tí omi ń gbá. Anubias barteri ni wọ́n ń pe oríṣi tí a mọ̀ jù. Barteri tó kẹ́yìn orúkọ rẹ̀, orúkọ èèyàn ni. Charles Barter ni onímọ̀ ewéko tó bá Baikie, olórí ìrìn àjò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ ọkọ̀ Dayspring lórí odò Ọya ní 1857, ìrìn àjò kan náà tí Àjàyí Crowther bá wọn lọ. Àpáta ni ọkọ̀ wọn forí sọ nítòsí Jẹ́bà lọ́dún yẹn. Barter kò padà sílé. Rábà, létí odò Ọya kan náà, ló kú sí ní 1859, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ewé náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nígbàkigbà tí mo bá rí Anubias tí wọ́n sin sínú yanrìn, mo máa ń rò ó pé a ti sin ẹnì kan ní Rábà, ó tó.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ojú oró. Gbogbo wa la mọ àdúrà àwọn àgbà: ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. A ti ń ṣe àmín sí i láti kékeré, a ò sì bi ara wa pé kí ni lílékè yẹn ń ṣe fún un. Afẹ́fẹ́ ló ń wá lọ sókè. Gbogbo ewéko ló ń jẹ afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí síta, carbon dioxide. Òun ni wọ́n fi ń kọ́ ara. Níta, afẹ́fẹ́ yìí ń rìn fàlàlà dé ara ewé. Nínú omi, ìrìn rẹ̀ lọ́ra ní ìlọ́po bíi 10,000. Ewé tó wà nísàlẹ̀ omi dà bí ẹni tó jókòó sí Ìbàdàn tí wọ́n ń fi ṣíbí gbé ọbẹ̀ rẹ̀ bọ̀ láti Ọ̀yọ́. Ojú oró ní tirẹ̀ tẹ́ ewé sójú omi, ó ń jẹun lókè, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń fa ìdọ̀tí ẹja nísàlẹ̀. Kò sí ebi kankan.

Nítorí náà, ẹni tí gbogbo ewéko ń kú mọ́ lọ́wọ́, ojú oró ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá bù ú lódò, ẹ rẹ ẹ́ sínú korobá lọ́tọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì máa ṣan gbòǹgbò rẹ̀ dáadáa, torí ọmọ lámilámi máa ń fara pamọ́ síbẹ̀, ọmọ ẹja ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ má fi ìdérí dé àpótí pa. Omi tó bá ń kán láti ara ìdérí sórí ewé rẹ̀ ń mú un jẹrà. Kí ẹ sì máa yọ ìdajì kúrò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò bo gbogbo ojú omi, òkùnkùn á sì pa àwọn tó wà nísàlẹ̀. Òṣíbàtà náà ṣeé gbìn. Bí ẹ bá ń gé ewé tó bá fẹ́ gun òkè, yóò gbà láti máa yọ ewé pupa kéékèèké nísàlẹ̀. Owó gidi ni àwọn ará Yúróòpù ń san lórí rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ inú wa á ní ká kúkú fẹ́ afẹ́fẹ́ ọ̀hún sínú omi. Ó ṣeé ṣe. Ohun tó ń mú ẹmu hó náà ni. Mo po ṣúgà pọ̀ mọ́ íísì búrẹ́dì rí nínú ike kólà onílítà méjì, mo fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gbà á wọ inú àpótí. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, ewé ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ karùn-ún ooru mú, ike hó kọjá ààlà, omi ṣúgà náà sì gba inú rọ́bà ya wọlé tọ ẹja. Ẹja mi mu ẹmu lọ́jọ́ náà. Mẹ́ta ò jí. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó fi ike kejì sáàárín kí ìhó lè máa dúró síbẹ̀, kó má sì kúrò nílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹja bá ń já sókè gba èémí, kó yọ rọ́bà náà kíá. Oògùn olómi kan tún wà tí wọ́n ń pè ní liquid carbon. Bí Vallisneria bá wà nínú àpótí yín, ẹ má dà á sí i, yóò yọ́ ọ.

Ti iná, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀, gbogbo yín lẹ mọ̀ pé kò sí. Wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lójúmọ́ ti tó fún àpótí tuntun. Ẹ má rò pé iná wákàtí mẹ́rìnlá yóò wo ewé tó ń kú sàn. Algae ni yóò jẹ àjẹyó, ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ lára gíláàsì yẹn. Ojú fèrèsé tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọ̀ náà kò dára, ó ń se omi. Bí wọ́n bá sì mú iná lọ fún ọjọ́ méjì, ewéko ò ní tìtorí ìyẹn kú. Ẹja ni kí ẹ bẹ̀rù fún, torí ní òru ewéko náà ń mí ọ́síjìn bíi tiwa, asẹ́ omi kò sì ṣiṣẹ́. Bátìrì tí ẹ bá ní, pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ ni kí ẹ fi í fún, kì í ṣe gílóòbù.

Ó wá ku àwọn tó ti pẹ́ nínú omi, tó ti fara mọ́ ibẹ̀, tó kàn ń rù. Ebi ni. Irú ebi wo? Ewé tó kọ́kọ́ ṣàìsàn ni yóò sọ. Ìyá tí oúnjẹ kò tó nílé rẹ̀, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò ti yọ ọ́ fún ọmọ. Àwọn oúnjẹ kan wà tí ewéko lè fà kúrò lára ewé àgbà fún ewé ọmọ: náítírójìn, pọtásíọ̀mù, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá wọ́n, ìsàlẹ̀ ni àìsàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ewé àgbà bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ látòkè délẹ̀, náítírójìn ni. Bó bá lu kéékèèké bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un, tí etí ihò náà pọ́n, pọtásíọ̀mù ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ìgbín ló jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n irin àti kálíṣíọ̀mù, bí ewé àgbà bá ti gbé wọn mì, kò lè pọ̀ wọ́n fún ọmọ. Nítorí náà bí irin bá wọ́n, ewé tuntun ni yóò jáde ní funfun, tí iṣan rẹ̀ nìkan yóò ní àwọ̀ ewé. Bí kálíṣíọ̀mù bá wọ́n, ewé tuntun á lọ́ bí etí ajá.

Nínú àpótí tí ẹja pọ̀, náítírójìn kì í sábà wọ́n. Ẹja ń pèsè rẹ̀ láràárọ̀. Pọtásíọ̀mù àti irin ló sábà ń wọ́n. Cryptocoryne, òṣíbàtà àti àwọn ewéko ńlá tí ewé wọn gùn bí idà, gbòǹgbò ni wọ́n fi ń jẹun jù. Yanrìn lásán kò ní nǹkan kan fún wọn, ẹ bá wọn ri ajílẹ̀ oníhóró tí wọ́n ṣe fún àpótí ẹja mọ́ ìdí. Anubias ń jẹ láti inú omi, olómi ni kí ẹ fún un.

Mo ní tí wọ́n ṣe fún àpótí ẹja o! Ọ̀rẹ́ mi kan, àgbẹ̀ tó gbọ́n lóko, ló bu NPK ṣíbí kan sínú omi torí ewé rẹ̀ pọ́n. Kó tó di àárọ̀, gbogbo ẹja ti léfòó. Náítírójìn inú ajílẹ̀ oko sábà máa ń wá ní irú amóníà tàbí yùríà tó ń di amóníà, amóníà sì ń jó ẹja ní ibi tó fi ń mí. Ìgbẹ́ adìyẹ náà kò yàtọ̀.

Ibí yìí gan-an ni ewé jíjẹrà ti di ọ̀ràn ẹja. Ewéko tó yè ń jẹ amóníà. Èyí tó ń jẹrà ń ṣe é. Omi tiwa sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ jálẹ̀ ọdún. Bí omi bá ṣe gbóná sí i, pàápàá bí pH rẹ̀, òdiwọ̀n bóyá omi kan tàbí kò kan, bá ga, bẹ́ẹ̀ ni amóníà ń le sí i. Ewé kan tàbí méjì, ìgbín á bójú tó o. Bí ìdí mẹ́rin bá yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà nínú àpótí kékeré bíi tèmi ọjọ́sí, ẹ gé e kúrò lọ́jọ́ náà, kí ẹ pààrọ̀ ìdá mẹ́ta kan omi, kí ẹ sì dín oúnjẹ ẹja kù fún ọjọ́ mélòó kan.

Ìyá kan béèrè bóyá iyọ̀ tí òun fi ń tọ́jú ẹja ló pa ewé òun. Ó ṣeé ṣe, mà. Ọ̀pọ̀ ewéko omi dídùn kò fẹ́ iyọ̀, oògùn tó ní kọ́pà nínú sì burú fún wọn àti fún ìgbín. Ẹ kó ẹja tó ń ṣàìsàn sínú korobá lọ́tọ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Àbúrò tó ń sin góòlùfíṣì, tìrẹ kì í ṣe àìsàn. Ẹ̀fọ́ lo ń gbìn fún wọn. So Anubias mọ́ òkúta tó wúwo, kí o sì máa fún wọn lójú oró jẹ.

Ó yá, ẹ kó ọ̀rá yín wá. Ọ̀kan, méjì... méje ni. Èyí le, ó yè. Èyí náà. Ẹ wo gbòǹgbò funfun lábẹ́ èyí tí bàbá fẹ́ dà sí gọ́tà lánàá! Márùn-ún yè. Ọ̀kan ti rọ̀ dénú. Èyí tó kù yìí, ẹ̀gbọ́n, pèrègún lẹ rì sómi, ẹ lọ gbé e sínú ife lórí tábìlì.

Ojú oró wà nínú korobá nítòsí ẹnu ọ̀nà, kí kálukú mú mẹ́ta. Nígbà tó bá pọ̀ jù nílé yín, ẹ sá a sí oòrùn kó gbẹ kí ẹ tó dà á nù. Ẹ má dà á sí gọ́tà. Ewéko omi míràn, water hyacinth, tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà gba Bàdágìrì wọlé ní 1984, àwọn apẹja Èkó ṣì ń bá a wọ̀yá ìjà títí di òní.